Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin onílé fídíò: ta ló so ọ̀já mi mọ́ oṣólé?

Sí ẹ̀yin olùdarí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé fídíò sórí ẹ̀rọ ayélujára, tí ẹ sì ń gba owó ìpolówó lọ́wọ́ àwa ọlọ́jà Nàìjíríà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀já ìpọnmọ ni mò ń tà, ní ìsọ̀ kan tí kò jìnnà sí Ọjà Atakúnmọ̀sà ní Iléṣà. Aṣọ òkè ni mo fi ń ṣe é. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti ń bá mi hun ún. Tó bá dé ọwọ́ mi, mo máa ń fi aṣọ tó rọ̀ tẹ́ inú rẹ̀ kó má baà ha ọmọ lára, mo sì máa ń rán etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹjọ́ ọjà tí kò tà kọ́ ni mo fẹ́ rò. Orúkọ mi ni wọ́n bà jẹ́, owó tèmi gan-an ni wọ́n sì fi bà á jẹ́.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo san ₦48,000 fún ọ̀kan nínú yín kó bá mi polówó ọjà. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo yín, n kò sì fẹ́ kí àwọn yòókù rí ibi sá pamọ́ sí. Fídíò ìpolówó mi kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ sẹ́yìn, ó fa ọ̀já yí i ká, ó so ó níwájú. Ọmọ náà gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ó sùn. Nọ́ńbà WhatsApp mi ló kẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà, oníbàárà mi kan láti Òṣogbo pè mí. Ohùn rẹ̀ kò dùn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin àti ọkùnrin yìí lẹ jọ ń ṣe é ni?" Ó fi àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo rí ọ̀já mi. Mo wá rí fídíò tí ọ̀já mi ṣáájú: ọkùnrin kan jókòó ti igbá, ó fi aṣọ pupa bo orí, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe oṣólé, ìyẹn oògùn owó. Nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ náà ń kọjá lọ nísàlẹ̀. Ó ń ka ohun tí wọn yóò mú wá fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ mọ́ ọmọ jòjòló. N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín. Mo gbé fóònù náà dojú bolẹ̀, n kò sì lè ránṣọ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyí.

1. Ẹni tó gba owó ìpolówó gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tó gbé ìpolówó náà sí.

Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá mi. Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà, àwọn oníṣòwò aṣọ tiwa ni wọ́n, tí wọ́n ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á wá padà lọ gbowó. Bí onígbèsè bá fẹ́ fi ọgbọ́n lé wọn dànù, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: "Òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi." Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ìlóṣòó yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ wọn. Ohun tí bàbá mi máa ń tẹnu mọ́ fún wa ní tirẹ̀ ni pé òṣómàáló mọ ilé tí aṣọ kọ̀ọ̀kan wọ̀. Bàbá àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó lè sọ fún ọ pé ìró méjì wà lọ́wọ́ ìyàwó alágbẹ̀dẹ ní abúlé báyìí, pé ó ku ṣílè mẹ́ta lọ́rùn rẹ̀, pé lẹ́yìn ìkórè kòkó ni yóò san án.

Ẹ̀yin wá nìyí, tí ẹ̀rọ yín mọ ọjọ́ orí ẹni tó ń wo fídíò, tó mọ ìlú tó wà, tó tilẹ̀ lè fura pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ìṣirò tí mo gbà lọ́wọ́ yín kò ju mẹ́ta lọ: iye ènìyàn tó rí i, iye tó tẹ̀ ẹ́, iye owó tó tán. Nígbà tí mo béèrè fídíò kọ̀ọ̀kan tí ìpolówó mi hàn lórí rẹ̀, orúkọ ìkànnì díẹ̀ ni wọ́n fún mi. Ìyókù wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "àwọn mìíràn". Ọkùnrin oṣólé kò sí nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ.

Kí ẹ má baà sọ pé n kò mọ ohun tí mò ń sọ, mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Ifẹ̀ jókòó tì mí kó ṣàlàyé rẹ̀. Bí ènìyàn bá ti tẹ fídíò, kó tó ṣí, ẹ̀rọ yín ti fi ojú ènìyàn náà ṣe gbàǹjo láàárín àwa onípolówó; ìpolówó ẹni tó bá borí ni yóò hàn. Ẹni tó ń wòran ni gbàǹjo náà ń tọ̀ lẹ́yìn káàkiri. Ohun tó ń wò kò fi bẹ́ẹ̀ ká a lára. Mo ní kí ẹ bá mi wá ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ẹ bá mi wá a lóòótọ́, àmọ́ níwájú fídíò tí kò yẹ kó wà lọ́dọ̀ yín rárá lẹ ti bá a.

2. Ẹ sọ fún mi ibi tí owó mi gbà.

YouTube ti sọ ọ́ ní gbangba pé nínú owó ìpolówó tó bá wọlé lórí fídíò gígùn, ìdá 55 nínú 100 ni ti ẹni tó ni fídíò, tí ó bá wà nínú ètò ìpín owó wọn. Láti ìparí ọdún 2020 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ìpolówó sórí fídíò àwọn tí kò sí nínú ètò náà, láìsan kọ́bọ̀ fún wọn. Nítorí náà ọ̀nà méjì péré ló wà. Bí ọkùnrin yẹn bá wà lára àwọn tí ẹ ń pín owó fún, a jẹ́ pé èmi tí mò ń ta ọ̀já ni mo bá a ra igbá tó gbé síwájú. Bí kò bá sì sí lára wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ jẹ owó orí fídíò náà. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un.

3. Ẹ kò lè sọ pé ẹ kò mọ̀.

Ní Oṣù Kejì ọdún 2017, ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù gbé e jáde pé ìpolówó àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń hàn lórí fídíò àwọn agbésùnmọ̀mí ní YouTube. Nígbà tó fi máa di oṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba Ìlú Ọba ti dá ìpolówó tirẹ̀ dúró níbẹ̀, ìwé ìròyìn The Guardian ti ibẹ̀ náà ti yọwọ́, AT&T àti Verizon, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, sì yọwọ́ ní Amẹ́ríkà. Google tọrọ àforíjì. Ní Oṣù Kejì 2019, ọ̀rọ̀ kan àwọn ọmọdé: àwọn èèyàn burúkú ń kọ ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá sábẹ́ fídíò àwọn ọmọ tó ń ṣeré. Disney, Nestlé àti Epic Games dá owó wọn dúró, kí oṣù náà sì tó parí, YouTube ti ń pa àyè ìkọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò àwọn ọmọdé.

Ẹ wo bó ṣe yá tó! Ó ṣeé ṣe, nígbà tí ẹni tó bínú bá jẹ́ olówó ńlá. Ta wá ni wọ́n fi àtúnṣe tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ọdún 2017 yẹn gbá lójú? Ní Oṣù Kìíní 2018, wọ́n ní oní-fídíò tí kò bá ní alábàápín 1,000, tí àwọn èèyàn kò sì wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù méjìlá, kò ní rí owó ìpolówó gbà mọ́. Àwọn kékeré ni wọ́n já jù sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá ló pariwo, ọmọ kékeré tó ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìṣirò ní yàrá ìyá rẹ̀ ló jìyà rẹ̀.

4. Ẹ kò gbọ́ èdè tí ẹ fi ń pawó. Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Kí ìpolówó mi tó jáde, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lé ní ọgọ́ta sínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí ìpolówó wa kò gbọdọ̀ sún mọ́. Ó ṣe ohun tí ẹ ní kí a ṣe. Ọkùnrin oṣólé kò sọ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Yorùbá pọ́ńbélé ló ń sọ, ó sì kọ àkọlé fídíò rẹ̀ láìfi àmì ohùn kankan sí i: "oogun owo". Kí ni kí n wá ní kí ẹ̀rọ yín sá fún? Bí mo bá ní kó sá fún "owo", yóò sá fún owó tí mò ń wá, fún òwò tí mò ń ṣe, fún ọwọ́ tí mo fi ń ránṣọ, fún ọ̀wọ̀ tí mò ń fún àgbà, fún ọwọ̀ tí mo fi ń gbálẹ̀ ìsọ̀ mi, àti fún gbogbo ará Ọ̀wọ̀ lápapọ̀. Bí mo bá ní kó sá fún "oogun", oògùn ibà tí nọ́ọ̀sì ń ṣàlàyé fún aláboyún wọ̀ ọ́, òógùn ojú àgbẹ̀ náà wọ̀ ọ́. Èdè wa kò ṣe é fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dè mọ́lẹ̀ báyẹn. Àfi kí ẹni tó gbọ́ ọ gbọ́ ọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní àdúgbò mi tó ní ìkànnì kékeré lọ́dọ̀ yín. Èdè Ìjẹ̀ṣà ló fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó máa ń lọ bá àwọn arúgbó kí wọ́n sọ ìtàn, ó máa ń béèrè orúkọ ewé àti orúkọ oúnjẹ tí àwọn ọmọ òde òní kò mọ̀ mọ́. Ó ya fídíò Ìwúdè Ògún, ọdún ńlá tí Ọwá Obòkun àti gbogbo Iléṣà máa ń jáde sí. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi ṣètò rẹ̀. Ẹ dá owó dúró lórí rẹ̀, ẹ ní kò bá àwọn onípolówó mu.

Ta lẹ bi nínú àwa onípolówó? Onípolówó lèmi. Mo sanwó. Mo ń sọ fún yín báyìí pé ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ọ̀já mi wà, láàárín ìlù àti aṣọ, níbi tí àwọn ìyá ti pọnmọ jáde wá wòran. Ẹ gba owó lọ́wọ́ ọmọ yẹn lórúkọ mi, ẹ wá gbé ọ̀já mi lọ fún oṣólé.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ka ìwé yìí tán, ẹ má lọ da babaláwo, oníṣègùn ewé àti oní-oṣólé pọ̀ sínú àpò kan náà kí ẹ sì pa gbogbo wọn rẹ́, nítorí mo mọ̀ pé ohun tó máa rọ ẹ̀rọ lọ́rùn nìyẹn. Kírísítẹ́nì ni mí, ṣùgbọ́n ìlú tí mo ti dàgbà ni èyí, mo sì mọ̀ pé àwúre kì í ṣe oṣólé, àgúnmu kì í ṣe ìpànìyàn. Ọmọ Yorùbá tó bá wo fídíò ọkùnrin yẹn fún ìṣẹ́jú kan péré yóò mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ kò sì lè ní èdè wa ṣàjèjì sí ẹ̀rọ. Láti Oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Google ti fi Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ ìtumọ̀ rẹ̀ ń túmọ̀. Nígbà tí Susan Wojcicki jẹ́ olórí YouTube, ó kọ ọ́ ní Oṣù Kejìlá 2017 pé àwọn tí yóò máa bójú tó àkóónú tó lè tàpá sí òfin wọn káàkiri Google yóò lé ní 10,000 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìbéèrè mi kò gùn: mélòó nínú wọn ló gbọ́ Yorùbá? Ní Yúróòpù, òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 lórí iṣẹ́ orí ayélujára pọn ọ́n ní dandan fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù láti máa kéde iye ènìyàn tó ń yẹ àkóónú wò ní èdè ìjọba kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀. Ọmọ Málítà lè kà á kó mọ iye ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Àwa ọmọ Yorùbá tí a tó ọ̀kẹ́ àìmọye kò lè kà á níbì kankan.

5. Èsì tí wọ́n fún mi.

Mo fi ẹjọ́ sùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ní àwọn ti yẹ fídíò náà wò, kò tàpá sí òfin àwọn, àti pé àwọn kọ́ ló ṣe é, pèpéle lásán ni àwọn jẹ́.

Pèpéle ha ń gbowó bí? Ní ọjà tiwa, ẹni tó ń gba owó ìsọ̀ ni wọ́n ń lọ bá bí ẹnì kan bá ń ta májèlé ní ìsọ̀ kẹta. Kò jẹ́ sọ pé ilẹ̀ lásán ni òun fi háyà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin lẹ ni ọjà yìí, ẹ̀yin lẹ to ìsọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ pinnu ẹni tí yóò jókòó ti ẹnì kejì.

6. Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn aláṣẹ tiwa náà.

Ẹ̀yin ARCON, àjọ tó ń bójú tó ìpolówó ní Nàìjíríà, mo mọ̀ pé òfin ọdún 2022 fún yín ní agbára lórí ìpolówó, mo sì rántí pé ní Oṣù Kẹwàá ọdún náà ẹ gbé Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, lọ sílé ẹjọ́, ẹ béèrè ₦30 bílíọ̀nù nítorí ìpolówó tí wọn kò kọ́kọ́ gbé wá fún àyẹ̀wò. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìpolówó tèmi mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí wọ́n gbé e kà ni kò mọ́. Bí ẹ bá yẹ ọ̀já wò tí ẹ kò yẹ ẹ̀yìn tí wọ́n so ó mọ́ wò, ìdajì iṣẹ́ lẹ ṣe. Ẹ̀yin FCCPC náà, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ẹ bu owó ìtanràn $220 mílíọ̀nù lé Meta ní Oṣù Keje 2024 lórí ọ̀rọ̀ dátà àwọn ọmọ Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ sì gbè yín lẹ́yìn ní Oṣù Kẹrin 2025. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí tóbi ju ọwọ́ wa lọ. Oníbàárà ni onípolówó kékeré náà. Ohun tí mo rà kọ́ ni wọ́n fún mi.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin onílé fídíò rèé. Ẹ fún mi ní àkọsílẹ̀ gbogbo fídíò tí ìpolówó mi hàn lórí rẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsí "àwọn mìíràn". Ẹ dá owó tó lọ sórí fídíò oṣólé àti irú rẹ̀ padà fún mi. Bí ọkùnrin náà bá sì ti gba ìpín nínú rẹ̀, ẹ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kéde iye òṣìṣẹ́ yín tó gbọ́ Yorùbá, kí ẹ sì gba àwọn mìíràn síṣẹ́ láti Iléṣà, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Èkìtì, àwọn tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà lè máa jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀ ní ìlú kejì, kí ẹ san owó gidi fún wọn. Ẹ jẹ́ kí a lè fi Yorùbá fẹjọ́ sùn, kí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara sì dáhùn láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ dá owó ọmọ tó ya Ìwúdè padà fún un. Èyí tó kẹ́yìn yìí, bí ẹ kò bá tilẹ̀ ṣe nǹkan kan fún èmi, ẹ ṣe é fún un.

Ẹ̀yin ọlọ́jà ẹgbẹ́ mi, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó. Aláṣọ ọmọdé tó wà ní ìsọ̀ kejì sí mi ti dá tirẹ̀ dúró, ìyá tó ń ta ògì gbígbẹ náà ti dá tirẹ̀ dúró. Owó wa kò tó ti Disney, a mọ̀.

Oníbàárà mi ti Òṣogbo ti padà wá ra ọ̀já méjì, lẹ́yìn tí mo fi bíi wákàtí kan bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù nítorí ohun tí kì í ṣe èmi ló ṣe é. Àwọn tó rí i tí wọn kò pè, n kò mọ̀ wọ́n, n kò sì lè bẹ̀ wọ́n.

Àwòrán ojú fóònù náà, ọjọ́ rẹ̀, wákàtí rẹ̀, nọ́ńbà ẹjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo fi sùn, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé tí mo máa ń kọ àwìn sí. Mo ti ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún yín níbẹ̀. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni ìsọ̀ mi máa ń ṣí. Òṣó ni mo ló.

Èmi ni tiyín,
Ìyá tó ń ta ọ̀já ìpọnmọ, Iléṣà